Tòmátì sísun pẹ̀lú fínígà balsamic: irú tòmátì wo ni kí n rà ní ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta?

Ìyàwó Ilé:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ítálì fi ìgò fínígà kan ránṣẹ́ sí wa, balsamic ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ó dúdú, ó ki díẹ̀, téèyàn bá tọ́ ọ wò ó kan ó sì tún dùn. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n máa ń sun tòmátì nínú ófùn, wọ́n á ta fínígà yẹn sí i, wọ́n á fi jẹ ẹran tàbí ẹja. Sátidé tó ń bọ̀ yìí àwọn ará ilé ọkọ mi ń bọ̀ wá kí wa, màá yan ẹja, màá se iṣu, mo wá ní kí n fi tòmátì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ dípò ata díndín tí gbogbo wa ń jẹ lójoojúmọ́. Omi ló ń kọ mí lóminú. Mi ò fẹ́ kó di ọbẹ̀ sínú tíréè. Irú èwo ni kí n rà, ìgbà wo ni kí n da fínígà sí i? Ófùn gáàsì ni mo ní o, torí iná NEPA àdúgbò wa ò ṣeé gbára lé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí.

Alásè Ìbarà:
Ẹ kú ìmúra àlejò o. Tòmátì Hausa ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó gùn tó sì le yẹn tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya, torí ẹran ara ẹ̀ pọ̀ ju omi ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá alátà, ẹ má gbà kí wọ́n bù ú fún yín látìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni ẹrù ti tẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ ṣà á fúnra yín, tí wọ́n bá ní owó ṣíṣà yàtọ̀ ẹ san án, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ́n dénú àmọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ tí kò rì wọlé lẹ ń wá.

Tẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́, ẹ là á sí méjì lóròó, ẹ fi ṣíbí kékeré fa kóró àti omi inú ẹ̀ jáde, ẹ wọ́n iyọ̀ sójú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá dojú ẹ̀ dé sórí asẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ ó rí i bí omi á ṣe máa kán tó-tó-tó, iyọ̀ ló ń fà á jáde. Ẹ má fo ibí yìí o, òun gan-an ni iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀, ìyókù kò le rárá.

Ẹ tò ó sínú tíréè, kí ojú tẹ́ ẹ gé kọjú sókè, ẹ má tò ó léra, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn, torí tó bá fún pọ̀ ooru omi ara ẹ̀ ló máa sè é, kò ní sun. Òróró ólífì díẹ̀, aáyù gígé, táìmù. Kí ófùn ti gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, bíi 200 dígírì, ẹ gbé e sí àárín, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ iná ìsàlẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 30 sí 40, etí ẹ̀ á hunjọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Fínígà kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ dà sí i o! Ṣúgà èso àjàrà wà nínú ẹ̀, tó bá pẹ́ nínú iná á jóná á sì korò. Ó ku bí ìṣẹ́jú 5 sí 10 kẹ́ ẹ gbé e sọ̀ ni kẹ́ ẹ tó wọ́n ọn sí i, ṣíbí ìjẹun kan sí méjì ti tó tíréè kan.

Ọmọ Láfẹ́nwá:
Òótọ́ ni Alásè sọ, àmọ́ ẹ má bá mi ta tòmátì ìbílẹ̀ wa nù báyẹn. Èyí roboto tí ara ẹ̀ pín yẹlẹyẹlẹ yẹn, òórùn ẹ̀ àti kíkan ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Tí iná bá kéré, bíi 140, tó wà ńbẹ̀ fún wákàtí méjì, omi ẹ̀ á gbẹ dáadáa, adùn ẹ̀ á wá kórajọ. Wàhálà ibẹ̀ kò ju owó gáàsì lọ.

Nǹkan míì, ẹ má tẹ́ fọ́ìlì sábẹ́ ẹ̀. Tòmátì kan, fínígà náà kan, àwọn méjèèjì máa ń jẹ fọ́ìlì, oúnjẹ yín á wá máa ta bí irin lẹ́nu. Àwo tánńganran tàbí ti gíláàsì tó lè wọ ófùn ló dáa jù.

Ẹ sì yí ẹ̀yìn ìgò yẹn wò. Modena àti Reggio Emilia ní Ítálì ni fínígà yìí ti wá. Tó bá jẹ́ ìgò kékeré 100 ml tí wọ́n kọ Tradizionale sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e wọ ófùn rárá, ó kéré tán ọdún 12 ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀ sínú àgbá, òmíràn lé ní 25, ẹ̀kán díẹ̀ lẹ máa ta sí oúnjẹ tó ti jinná. Tó bá jẹ́ IGP ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn àmì ilẹ̀ Yúróòpù tó ń tọ́ka sí àgbègbè tí oúnjẹ ti wá, èyí ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, òun la fi ń sè nǹkan.

Alhaja Aládìrẹ:
Ẹ kú ọgbọ́n o ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi fẹ́ bi yín, ṣé kò sí ọtí nínú ẹ̀? Àti pé ẹni tí ò rí i rà ńkọ́?

Ọmọ Láfẹ́nwá:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Omi èso àjàrà tí wọ́n sè ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí tó jẹ́ IGP wọ́n máa ń pò ó mọ́ fínígà tí wọ́n fi wáìnì ṣe. Ọtí inú wáìnì yẹn ló di ásíìdì, àmọ́ díẹ̀ bín-ń-tín ṣì lè kù. Ẹ bá mi bi álífáà yín léèrè mà, àwọn ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ò bá sì fẹ́ ẹ, ẹ po ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ oyin díẹ̀, ẹ wọ́n ọn sí i nígbẹ̀yìn. Adùn ẹ̀ yàtọ̀ sí ti balsamic lóòótọ́, àmọ́ kíkan àti dídùn á jọ wà níbẹ̀.

Ọmọ FUNAAB:
Àwa tí ò ní ófùn ńkọ́? Páànù tó nípọn ni mo máa ń lò lórí gáàsì, mo máa jẹ́ kó gbóná janjan, mo máa da ojú tòmátì dé, mi ò ní fọwọ́ kàn án títí á fi dúdú lábẹ́, mo máa wá yí i padà, mo máa rẹná sílẹ̀, mo máa dé e. Ó máa rọ̀ díẹ̀ ju ti ófùn lọ àmọ́ ó dùn pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin.

Ìyàwó Ilé:
Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á máa fún yín ṣe. Mo ti yẹ ìgò náà wò, IGP ni. Tòmátì Hausa ni màá rà ní tèmi, owó gáàsì wákàtí méjì ò sí lọ́wọ́. Tó bá ṣẹ́ kù, ṣé mo lè fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì?

Alásè Ìbarà:
Ẹ lè jẹ ẹ́ ní tútù, ó tún máa ń dùn sí i. Ẹ kó o sínú ìgò tó ní ìdérí, inú fíríìjì ni o, ọjọ́ mẹ́ta ó pọ̀ jù mẹ́rin. Tíná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí tí fíríìjì ò tutù mọ́, ẹ dà á nù. Ẹ má sọ pé òróró ti bò ó torí náà kò lè bàjẹ́, aáyù tó wà nínú òróró lóde fíríìjì lè di májèlé láìyí àwọ̀ láìrùn. Tí ẹ bá mọ̀ pé iná ò ní sí, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ata ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ dín in pa.