Wọ́n pè wá lẹ́jọ́ pọ̀: ṣé mo lè ní kí wọ́n gbọ́ tèmi lọ́tọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n pe èmi àti ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan lẹ́jọ́ pọ̀ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà níbí, torí jàǹbá mọ́tò. Ẹ̀sùn tèmi kò ju pé mo tẹ bíréèkì lójijì. Tiwọn ni pé awakọ̀ wọn ti mutí wakọ̀ rí, wọ́n mọ̀, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí ìbínú júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ níbí, sí wọn má ràn mí.

Akọ̀wé Lọ́yà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Nínú ìlànà tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ fi ń gbọ́ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, òfin 20 ló gbà wọ́n láàyè láti pè yín pọ̀, torí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n òfin 42(b) ní adájọ́ lè pín ìgbẹ́jọ́ bí èyí bá máa rọrùn, bí kò bá ní jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹnì kan ní àìtọ́, tàbí bí ẹjọ́ á bá yá tí ìnáwó á sì dín kù. “Lè” ni o, kì í ṣe “gbọ́dọ̀”. Bí àwọn ẹlẹ́rìí kan náà bá máa wá lẹ́ẹ̀mejì, adájọ́ á kúkú sọ fún júrì pé ẹ̀rí báyìí, ilé iṣẹ́ nìkan ló kàn. Nítorí náà, ẹ má kọ “ẹ̀rù ń bà mí” síwájú rẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹ̀rí náà gan-an, àti iye ọjọ́ tí ẹ máa fi jókòó gbọ́ ohun tí kò kàn yín.

Dáwódù: Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Wọ́n gbọ́ tèmi lọ́tọ̀, mo jàre, mo dúpẹ́, mo rò pé ó parí. Kò parí! Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n pín, ẹjọ́ ṣì jẹ́ ọ̀kan, ìdájọ́ ìkẹyìn kò sì jáde títí wọ́n fi parí ti ẹnì kejì. Àfi kí adájọ́ fọwọ́ sí i lábẹ́ òfin 54(b) pé tèmi ti parí.

Ìyá Ìbejì: Há! Kí ni kí n wá béèrè fún?

Akọ̀wé Lọ́yà: Òfin 21 ló ń ya ẹjọ́ sọ́tọ̀ pátápátá, tí tiyín á ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ìdájọ́ tirẹ̀. Ẹ ní kí lọ́yà yín kọ méjèèjì pọ̀: kí wọ́n yà á, bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí wò ni. Nínú mọ́kànlá, méjì péré ló rí ọkọ̀ mi.

Akọ̀wé Lọ́yà: Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kọ nìyẹn.