Ta ló ń fowó sí iṣẹ́ ìlera lédè Potogí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí l'Ákùrẹ́. Mo ti ṣe fídíò méje lédè Yorùbá lórí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń fún ọmọdé tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru: ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí kò ga lórí, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, lítà omi mímu kan. Àbúrò mi tó ń gbé Maputo, olú ìlú Mozambique, ní àwọn ìyá àdúgbò òun náà nílò rẹ̀, àmọ́ lédè Potogí.

Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ atúmọ̀ orí fóònù ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan lọ́hùn-ún kà á, ló bá bú sẹ́rìn-ín: Potogí Bràsíl ni! "Banheiro" ló pe ilé ìyàgbẹ́, "casa de banho" sì làwọn ń pè é. Atúmọ̀ èdè àti ẹni tí yóò ka ohùn sí i ń béèrè ₦480,000. Ẹ má bi mí léèrè iye owó oṣù mi. Mo kọ̀wé sí àjọ mẹ́ta: ọ̀kan ní Nàìjíríà nìkan lòun ń náwó sí, èkejì fẹ́ ìwé CAC (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba) tí mi ò ní, ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ dáhùn.

Ẹni tó bá ti gba irú owó báyìí rí: ṣé kí n lọ gba ìwé CAC kí n tó tún kọ̀wé ni, àbí kí ẹgbẹ́ kan ní Maputo béèrè lórúkọ tiwọn, kí èmi kàn jẹ́ alábàáṣiṣẹ́?