Káṣúà kì í ṣe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń túmọ̀ òfin owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2010, ní kí a máa pe káṣúà, ìyẹn "casual" tó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì òfin náà, ní "òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀". Àwọn mélòó kan ti ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo òfin náà fúnra rẹ̀ ná. Níbi tó ti sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi ka gbogbo wọn: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dá, ẹni tó ń ṣe àbọ̀ iṣẹ́, ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, àti káṣúà, yálà ìwé wà ni tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Onígbà díẹ̀ ti ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá tún fi orúkọ yẹn pe káṣúà, òǹkàwé á rò pé òǹtumọ̀ ń tòògbé ni.

Ìgbà díẹ̀ wo gan-an? Mo mọ obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ọmọ tó ń pọ̀n wá síbi iṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti wọ yunifásítì. Aago méje àárọ̀ ló ń sáìnì rẹ́jísítà, ìgbálẹ̀ ìjọba ló ń lò, ọ̀gá tó ń pàṣẹ fáwọn pẹ́mánẹ́ǹtì ló ń pàṣẹ fún òun náà. Ìparí oṣù lẹ ó tó mọ ìyàtọ̀: álẹ́ẹ̀tì á wọlé fáwọn tó kù, òun á lọ tò síwájú akápò láti sáìnì fáọ́ṣà. Ẹ bi í pé irú òṣìṣẹ́ wo ni. "Káṣúà ni mí, wọn ò tíì kọnfámù mi."

"Alágbàṣe" tí ẹnì kan dá lábàá dùn létí, ṣùgbọ́n ewu wà ńbẹ̀. Alágbàṣe á gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá, ẹ ó dúnàádúrà, bó bá roko tán á gbowó, ó di oko ẹlòmíràn. Agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe títì fún ìjọba, ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ló ti yọ. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tú palẹ̀ lọ́dún 2008 nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak: ta ló ni irinṣẹ́, ta ló ń yan wákàtí, ṣé owó oṣù ni àbí owó iṣẹ́, ṣé ẹni náà lè rán ẹlòmíràn wá ṣe é? Bí a bá fi èyí wo obìnrin yẹn, òṣìṣẹ́ pọ́ńbélé ni. Bí a bá wá pè é ní alágbàṣe, a ti bá lọ́yà agbanisíṣẹ́ rojọ́ dé ìdajì.

Orúkọ lásán lè fi ẹ̀tọ́ du èèyàn. Ẹ rántí àwọn ọ̀dọ́ N-Power, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́, tó ń kọ́ni níléèwé ìjọba. "Olùyọ̀ǹda ara ẹni" ni wọ́n pè wọ́n, 30,000 náírà lóṣù, àdéhùn ọdún 2. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ní 2016 ò kúrò ńbẹ̀ títí di oṣù kẹfà 2020. Olùyọ̀ǹda kì í sáà béèrè owó ìfẹ̀yìntì.

Ohun tí wọ́n fi du káṣúà ni kí a fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe iye ọjọ́. "Òṣìṣẹ́ tí a kò fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀" gùn, mo gbà. "Òṣìṣẹ́ aláìfìdímúlẹ̀" kúrú, àmọ́ ó jọ pé òun fúnra rẹ̀ ni kò dúró sójú kan. Nínú ìwé òfin, màá fara da èyí tó gùn. Lórí rédíò, káṣúà ni kó máa jẹ́.

Ní ti "òṣìṣẹ́ títí láé" tí wọ́n kọ fún pẹ́mánẹ́ǹtì, ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ọdún 60 láyé, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọba ń lò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ bá wa yọ "láé" kúrò ńbẹ̀.