Báwo lèèyàn ṣe ń ya fọ́tò olú oko tí wọ́n á fi lè dá a mọ̀?

ỌmọÌlá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa ní Ìlá, olú wá ń hù káàkiri, mo sì ń fi fóònù yà wọ́n torí ó wù mí kí n mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tó funfun, orí wọn fẹ̀ bí àwo, inú koríko ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n hù sí, màmá mi ní olú ọ̀gán ni, àbúrò wọn ní májèlé ni. Látòkè ni mo yà á. Kí lẹ rí sí i?

AyaFọ́tòOko: Látòkè nìkan kẹ́? Kò sẹ́ni tó lè fìyẹn dá a mọ̀, olú funfun tó jọra ti pọ̀ jù. Bẹ̀rẹ̀, gbé fóònù ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ya abẹ́ orí ẹ̀ níbi tó rí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ yẹn, ya ẹsẹ̀ ẹ̀ ká rí i bóyá ó ní òrùka lọ́rùn, kó o wá fi ọ̀bẹ wa ìdí ẹ̀ jẹ́jẹ́. Má fà á tu o! Olú ọ̀gán, ìyẹn Termitomyces, ikán ló ń gbìn ín sínú ilé wọn nísàlẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ́, ìdí ẹ̀ sì máa ń gùn wọlẹ̀ lọ bá wọn níbẹ̀, tó o bá fà á ó ti kán nìyẹn. Fláàṣì ò dáa fún olú funfun, ṣe ló máa tàn yòò. Fi páálí ìṣáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Àdùnní_Ọ̀yọ́: Inú koríko ẹ̀gbẹ́ ilé tó o wí yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ibẹ̀ ni olú olóró kan tí wọ́n ń pè ní Chlorophyllum molybdites fẹ́ràn, òun náà funfun, ó tóbi, èèyàn tó bá jẹ ẹ́ á bì, á sì ṣu gbuuru láàárín wákàtí díẹ̀. Gé orí ẹ̀ kan, dojú abẹ́ ẹ̀ bo bébà funfun, fi abọ́ dé e mọ́jú. Tí ẹbu, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó bá já sílẹ̀ láti abẹ́ ẹ̀, bá ní àwọ̀ ewé, òun nìyẹn. Ti olú ọ̀gán máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó láti fi jẹ ẹ́ o, torí àwọn olú míì wà tí ẹbu tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Alápó: Wọ́n ní tí kòkòrò bá ti jẹ lára ẹ̀, kò léwu.

Àdùnní_Ọ̀yọ́: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gba ìyẹn gbọ́. Kòkòrò ń jẹ olú tó lè pa èèyàn, nǹkan kan ò sì ní ṣe é. Oró àwọn kan tún wà tí iná ò lè pa, bó ti wù kẹ́ ẹ sè é tó.

ỌmọÌlá: Ẹ ṣé gan-an. Mo dé e mọ́jú, àwọ̀ ewé ló já sórí bébà, mo sì ti fi han màmá mi. Mo tún ti ya olú tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ adìẹ tó hù lára igi gbígbẹ, abẹ́ ẹ̀ là sí méjì-méjì bẹẹrẹ, ó rẹwà kọjá bẹ́ẹ̀! Mò ń gbé e bọ̀.