Gáàsì tí kò gbaná: kí lojú yín ti rí nínú láàbù?

Ọmọ Ajílété:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Iṣẹ́ àṣekágbá ni mo ń ṣe nígbà náà ní Ògbómọ̀ṣọ́: bí a ṣe lè rí gáàsì ìdáná látinú èèpo ẹ̀gẹ́. Èèpo kò wọ́n. Àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ní kí n máa kó o lọ, wọ́n ní mò ń bá wọn gbálẹ̀ ni. Mo to kẹ́ẹ̀gì márùn-ún: ọ̀kan èèpo nìkan, ọ̀kan ìgbẹ́ màlúù nìkan, mẹ́ta yòókù àdàlù. Mo dí ẹnu wọn pinpin, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe methane (gáàsì tó ń gbaná), bó bá ti gbọ́ òórùn oxygen báyìí, ó kú nìyẹn. Mo fa rọ́bà láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò omi tí mo dojú rẹ̀ dé. Iye omi tí gáàsì bá tì jáde ni mo ń kọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kẹ́ẹ̀gì èèpo ń ti omi jáde yàà. Inú mi dùn, mo pe ọ̀rẹ́ wá wòran. Mo ṣáná sí i: fúú, iná kú. Mo tún ṣá a, ó tún kú. Ojú tì mí! Carbon dioxide, gáàsì tí kì í gbaná, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ọ̀gá mi tó sọ̀rọ̀, ìyá kan nídìí agbada gàrí ti sọ ọ́: "Ọmọ mi, ẹ̀gẹ́ ẹ ti kan jù." Mo ti bébà pH, èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó, bọ̀ ọ́, 5 ló kà, nǹkan bí 7 ni kòkòrò wa ń fẹ́. Mo bu eérú sí i, mo fi ìgbẹ́ kún un, mo dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó gbaná, ọwọ́ iná aláwọ̀ aró. Ti ìgbẹ́ nìkan ti jó ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì mi ló ń jò.

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀ọ̀dá. Ohun tó pa iná yín ni èmi ń fowó rà! Stem cell inú mùdùnmúdùn eegun eku ni mò ń tọ́jú, sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́: ó lè di eegun, ó lè di ọ̀rá. Inú ẹ̀rọ tó móoru dé 37°C ni wọ́n ń gbé, carbon dioxide ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 5%. Bí gáàsì náà bá tán, omi oúnjẹ wọn á kúrò ní pupa, á di àlùkò. Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, á di yẹ́lò.

Lóru ọjọ́ kan wọ́n múná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò lépo. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, gbogbo àwo ti yẹ́lò. Mo ti ń ṣépè fún àwọn amúnáwá. Àmọ́ ìgò kan wà tí n kò fi sẹ́ẹ̀lì sí rárá, òun náà yẹ́lò! Ọwọ́ mi ló ba oúnjẹ náà jẹ́: mo gbé fóònù, n kò fi ọtí apakòkòrò 70% nu ọwọ́ padà.

Ọmọ Ajílété:
Àǹtí, ṣé kí n gbé kẹ́ẹ̀gì èèpo wá fún yín?

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wá. Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀ ni? Hydrogen sulphide nìyẹn, sẹ́ẹ̀lì mi ò ní rí alẹ́.