Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí káńsẹ́lọ̀, ìyẹn agbaninímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ọkàn àti ìdílé, ṣé ó bèèrè irú ilé àti àṣà tẹ́ ẹ ti wá?

Àdùkẹ́: Òun ni mo fẹ́ mọ̀ o. Tọkọtaya ni o, ọmọ ni o, ẹ bá mi sọ ọ́.

Bàbá Tọ́lá: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé mọ́, la bá mú un lọ. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ torí kì í wo òun lójú. Wo àgbà lójú kẹ̀, ohun tá a ti ń kìlọ̀ fún un láti kékeré! Ẹnì kejì ò tiẹ̀ mẹ́nu ba ojú, ńṣe ló yí àga ẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa wo fèrèsé, ó fún un ní bébà pé kó ya gbogbo ará ilé kó fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ìlà tó fà láàárín èmi àti ẹ̀, ó gé e sí méjì. Mi ò lè sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ìyá Bọ̀dé: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Báwo ni báyìí?

Bàbá Tọ́lá: Ó ti ń dá mi lóhùn.

Akin: Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè yín, ó parí.

Ìyá Bọ̀dé: Kò parí o Akin. Ẹni tó gbọ́ èdè mi ló ní kí n lọ fara dà á, mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Àjèjì ló bi èmi àti ọkọ mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé ta lẹ ò lè sọ pé rárá fún? Àwa méjèèjì dárúkọ ìyá ọkọ mi. Ọdún 6 la ti ń bá ara wa jà.

Akin: Hmm.

Ọmọ Àjọkẹ́: Iṣẹ́ mi nìyí. Ìbéèrè 16 ló wà nínú DSM-5, ìwé táwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń mọ àìsàn ọpọlọ, láti 2013 láti fi bèèrè nípa àṣà àti ilé téèyàn ti wá, bíi kí lo rò pó fà á, báwo lo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ará ilé ẹ. Ṣùgbọ́n téèyàn bá kàn kà á bíi fọ́ọ̀mù, òfo ni. Dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Tervalon àti Murray-García, ti sọ ọ́ ní 1998 pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, kóníṣẹ́ ìlera máa yẹ ara ẹ̀ wò lójoojúmọ́ ayé ẹ̀.

Tèmi Yé Mi: Èmi ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ fún màámi. Káńsẹ́lọ̀ ní kí n bi màámi bóyá wọ́n ti ronú láti para wọn rí. Èmi ni mo bi wọ́n, èmi náà ni mo gbé ìdáhùn padà. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà yẹn.

Bàbá Tọ́lá: Yéè!

Àdùkẹ́: Wọn ò ní ògbufọ̀ ni?

Tèmi Yé Mi: Wọ́n ní ògbufọ̀. Wọ́n sọ pé á pẹ́ kó tó dé.