Ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ bí: ṣé ká ra probiotic fún un?

Nọ́ọ̀sì-Kubwa: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìyá tó fi iṣẹ́ abẹ bímọ ní àdúgbò wa ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé kòkòrò rere inú ìfun ọmọ wọn kò pé. Ṣé kí wọ́n ra probiotic, ìyẹn kòkòrò rere tí wọ́n ń tà nínú páálí? Àwọn ìyá àgbà náà ń sọ pé ooru Àbújá yìí, ọmọ gbọ́dọ̀ mu omi. Ẹ bá mi là á.

Bàbá-Láàbù (Zaria): Òótọ́ ni, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó bá gba ojú ara jáde máa ń kó kòkòrò lára ìyá rẹ̀, pàápàá láti inú ìgbẹ́ ìyá. Kòkòrò rere kan tó ń jẹ́ Bacteroides ló máa ń wọ́n jù lára ọmọ oníṣẹ́ abẹ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ara, àwọn tó ń bá àrùn jà, ló fi ìfun ṣe ibùdó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n bá jà àti èyí tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Eku tí wọ́n bá tọ́ láìsí kòkòrò kankan lára rẹ̀, IgA rẹ̀, èròjà tí ara fi ń dènà àrùn, kì í tó.

Ọmú ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́. Nínú lítà kan omi ọmú, àwọn ṣúgà kan wà, gíráàmù 5 sí 15 lápapọ̀, tí kì í dà nínú ọmọ rárá. Oúnjẹ kòkòrò rere kan, Bifidobacterium infantis, ni. Bó bá ti jẹ ẹ́, á tú ásíìdì jáde, ìfun á kan, ibẹ̀ ò ní rọ kòkòrò àìsàn bíi Salmonella lọ́rùn. Ó tún ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ indole-3-lactic acid. Ìwádìí kan ní 2021 fi hàn pé èyí ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara tó ń bínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá-Àjẹsára (Kàdúná): Bí ìyá bá ti lajú, kí wọ́n gbé ọmọ lé e láyà, ara kan ara. Kó gbé e sábẹ́ apá kó tó fún un lọ́mú, kí ẹsẹ̀ ọmọ má baà kan ojú ọgbẹ́. Wàrà àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún un dànù! Ṣíbí tíì kan sí méjì péré ló lè jáde lẹ́ẹ̀kan, ó tó ọmọ ọjọ́ kìíní, IgA sì kún inú rẹ̀.

Ní ti omi, nǹkan bíi 87 nínú 100 omi ọmú, omi ni. Bí ooru bá mú, kó máa mú ọmú léraléra. Omi inú jálá mẹrúwà á kó kòkòrò míì wọlé, á sì gba àyè wàrà nínú ikùn. Ọmọ tó ti ju ọjọ́ márùn-ún lọ, tó ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, omi tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo àti rubutu (omi tí wọ́n fi fọ Kùránì tí wọ́n kọ sára wàláà): kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wọlé kó tó pé oṣù mẹ́fà. Nono tútù, wàrà màlúù kíkan tí wọn ò sè, ńkọ́? Ó léwu fún ọmọ ọwọ́ pátápátá.

Nọ́ọ̀sì-Kubwa: Ẹ ṣé gan-an. Probiotic wá ńkọ́, Bàbá?

Bàbá-Láàbù (Zaria): Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé kí wọ́n tó bí i, tó ń mú ọmú dáadáa, kò pọn dandan fún un. Bí wọ́n bá ṣáà fẹ́ rà á, kí wọ́n wo ara páálí bóyá infantis wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ Lactobacillus, irú kòkòrò míì tó máa ń wà nínú probiotic, kì í rí ṣúgà ọmú yẹn jẹ. Èyí tó ti pẹ́ nínú ooru ṣọ́ọ̀bù, kòkòrò inú rẹ̀ lè ti kú. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni kí wọ́n má dán an wò fún láìsí dókítà: ní 2023, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó sì pa á. Kí wọ́n sì yéé ra áńtíbáyọ́tíìkì olómi ní kẹ́míìsì nítorí ọ̀fìnkìn. Á gbá Bifidobacterium tí ọmú ń bọ́ lọ.